Ohun Tó Wà Nínú Ọrùn Ṣẹ́ẹ̀tì

Bí ẹ bá fẹ́ kí inú Ìyá Aránṣọ dùn, ẹ béèrè ọmọ rẹ̀ agbẹjọ́rò. Á gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, á ní, "Ọkọ mi? Ó ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀ o!" Oṣù mẹ́jọ lè ṣì kù o.

Láti kékeré lọmọ náà ti ń kólòlò. Kó tó dárúkọ ara rẹ̀ tán, ẹni tó bi í ti lọ. Nígbà tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìyá gba oògùn tí í tú ahọ́n lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan: ìdì aṣọ funfun bíńtín, kó rán an mọ́ inú ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tú u wò, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, ọwọ́ ìyá ni yóò máa pààrọ̀ owú tó fi rán an.

Ahọ́n tú lóòótọ́. Ọmọ ń rojọ́ ní kóòtù, wọ́n ń yanu wò ó. Lọ́dọọdún, á rin ìrìn ọjọ́ méjì wálé láti ìlú tó ti ń ṣiṣẹ́, kí ìyá lè pààrọ̀ owú náà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ìyá á fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe é.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ìyá ń palẹ̀ àpótí ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́, ló bá rí ìdì funfun lábẹ́ bọ́tìnnì. Ó gbé e sí imú, òórùn egbò igi ló gbọ́. Oògùn nìyẹn! Ó máa ń fi aṣọ funfun di aṣọ líle tó ń tẹ̀ sínú ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì, kó má baà dọ̀tí. Ọ̀kan nínú àwọn ìdì aṣọ líle yẹn ló fi ìkánjú rán mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ dípò oògùn.

Ó sọ fún oníbàárà rẹ̀ kan, dókítà tó ń tọ́jú àìsàn ọkàn àti ìrònú.

"Ìyá, ẹ̀rù ló ń dá kún ìkólòlò ọmọ yín. Bó ṣe gbà pé nǹkan kan ń ti òun lẹ́yìn, ara rẹ̀ balẹ̀, ọ̀rọ̀ ń jáde. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ sọ fún un."

Kò sọ. Ẹ má dá a lẹ́bi. Bí ọmọ bá mọ̀, kí ni yóò tún gbé e wálé? Àárò ọmọ náà ń sọ ọ́ gan-an.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù dún.

"M-m-màámi, alágbàfọ̀ ti jó ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì náà. Ọ̀la sì ni ẹjọ́ tí mo fọdún kan múra sí. Màá g-gbé e fún ẹlòmíì, kí n máa bọ̀ wálé."

Máa bọ̀ wálé! Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn débi pé ó ti dìde, ó ń wo yàrá ọmọ. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ bó ti ń jà kó tó rí ọ̀rọ̀ kan sọ, ó sì jókòó padà.

"Ọkọ mi, gbọ́. Kò sí oògùn nínú ṣẹ́ẹ̀tì yẹn rí. Ìdì mìíràn ni mo ṣì gbé rán síbẹ̀, ọwọ́ mi níbí ni oògùn wà. Ìwọ fúnra rẹ lo ti ń sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí."

Nígbà tí ọmọ fèsì, kò kólòlò rárá.

"Màámi, kí wá ni mo ń wá ṣe nílé lọ́dọọdún?"

Ìyá mọ èsì rẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Lọ múra ẹjọ́ rẹ."

Ọmọ jàre ẹjọ́ náà. Nígbà tí oṣù tó máa ń wálé dé, ó pè pé iṣẹ́ pọ̀, ó di ọdún mìíràn. Ìyá tí kò kólòlò rí láyé rẹ̀ fẹ́ sọ pé kó ṣáà wá, àárò rẹ̀ ń sọ òun. Ọ̀rọ̀ náà há a lọ́fun.

"Màámi, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

Ó ní òun wà níbẹ̀.