Kírísítálì Tí Wọ́n Ta Òróró Sí

Ta ni Ọlọ́run ṣe ẹwà inú òkúta fún, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò dé? Láti kékeré ni mo ti ń ka Bíbélì, n kò tíì rí ìdáhùn. Adéyẹ́misí ló gbé ìbéèrè náà wọ ilé mi ní Mówè, nínú ìgò kékeré.

Ọmọ ìjọ wa ni, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbógun. Lókè òkun tó ti lọ ṣe ìwádìí ló ti yọ́ oríṣiríṣi irin pọ̀ nínú ìléru, tó jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di kírísítálì, òkúta dúdú tó ń dán. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú bàbá rẹ̀, ó gbé kírísítálì náà sínú báàgì, ó wá sílé. Ọ̀sẹ̀ tó dé gan-an ni bàbá kò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Màmá rẹ̀ so òkúta náà àti àìsàn bàbá pọ̀. Wọ́n ta òróró mímọ́ sí kírísítálì náà. Wọ́n ní àfi kí èmi alàgbà ìjọ sọ bóyá kí àwọn jù ú sódò. Ọ̀la sì ni ọ̀rẹ́ Adéyẹ́misí ń gbé e padà lọ sókè òkun, níbi tí wọ́n ti máa yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ ọdún gbọọrọ wà nínú ìgò yẹn.

"Kí ló ń gbé inú ẹ̀?" Màmá bi í.

"Kò sí nǹkan kan, Màmá. Ó dà bíi bàtà ẹsẹ̀ òsì. Tí ẹ bá wò ó nínú dígí, ti ọ̀tún ló máa dà. Ìyẹn àti òòfà inú rẹ̀, irú èyí tó ń fa irin mọ́ra, ló ń jẹ́ kí àwọn wóró iná mànàmáná sáré nínú rẹ̀ bí ẹni tí kò gbé ẹrù. Ní ojú òde rẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀ kì í yí po. Ó bẹ̀rẹ̀ níbì kan, ó wọnú lọ, ó yọ lẹ́yìn."

"Alàgbà, ẹ gbọ́ o. Ó ní nǹkan ń sáré nínú ẹ̀."

"Òòfà yẹn kì í jí àfi nínú òtútù tó ju ti yìnyín lọ. Nínú ooru Mówè yìí, ó ń sùn ni."

"Ohun tó ń sùn, ṣé kò ní jí ni?"

Gbogbo àlàyé tí Adéyẹ́misí ń ṣe ló ń dá kún ẹ̀rù ìyá rẹ̀. Ọmọ náà pẹ̀lú ti gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn bàbá títí ohùn rẹ̀ fi há, bàbá kò sì dáhùn.

"Ta ló to inú rẹ̀ bẹ́ẹ̀?" mo bi í.

"Èmi kọ́, sà. Mo kàn yọ́ ọ ni. Ó to ara rẹ̀ bó ṣe ń tutù."

Adéyẹ́misí kúnlẹ̀.

"Alàgbà, ẹ ní òòlù nílé. Òróró ti bo ojú tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n láti inú ni ohun tó wà lójú rẹ̀ ti ń wá. Tí a bá là á, ojú tuntun náà á ní in, láìlábàwọ́n. Màmá á sì rí i pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni mo là á, wọ́n á ní mo mọ ibi tí mo fi ẹ̀mí inú rẹ̀ pamọ́ sí. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi là á."