Ìlà Tó Wọ́ Lórí Táìlì Kejìlá

Ìyẹ́ adìẹ kì í dún téèyàn bá fi ń fa ìlà lórí aṣọ, ṣùgbọ́n lórí táìlì ó máa ń dún: ohùn tín-ín-rín kan, bí ẹni tó ń fi èékánná họ awo. Ohùn yẹn ló máa ń pàdé mi tí mo bá ti ilé ìwé dé. Màmá, ìyá tó bí bàbá mi, á ti jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé wa ní Ìdí-Àràbà. Táìlì funfun á wà lórí itan wọn, agolo ọ̀dà búlúù á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Òórùn ọ̀dà àti kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń pò ó á ti gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé, títí kan ara aṣọ tí a sá.

Kí ẹ má baà rò pé iṣẹ́ táìlì ni wọ́n kọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni iṣẹ́ Màmá ní Abẹ́òkúta. Wọ́n á ki ìyẹ́ bọ ẹ̀kọ láfún, wọ́n á fi ya alángbá àti ewé pákí sára aṣọ funfun kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Nígbà tí wọ́n wá ń gbé lọ́dọ̀ wa l'Ékòó, kò sí àyè fún ìkòkò aró. Bàbá mi, tó jẹ́ bíríkìlà, máa ń kó táìlì tó bá ṣẹ́kù níbi iṣẹ́ wálé. Lọ́jọ́ kan Màmá mú ọ̀kan, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú rẹ̀, wọ́n ní, "Aṣọ lèyí náà. Kò kàn ṣeé ká ni."

Ìyàwó ilé tó ń gbé yàrá kejì máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. "Màmá, ògiri balùwẹ̀ lẹ wá ń wọ àdìrẹ fún báyìí?"

"Ó sàn bẹ́ẹ̀, ìyàwó. Ògiri ò ní yá a lọ òde kó gbàgbé àti dá a padà."

Á bú sẹ́rìn-ín, nítorí ìró Màmá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ látìgbà Iléyá.

Àfi ìgbà tí Àǹtí nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò wa rí àwọn táìlì náà, tó ní òun fẹ́ méjìlá fún ògiri kíṣìnnì òun. Látìgbà tí Màmá ti dé Èkó, ẹnikẹ́ni ò tíì wá iṣẹ́ ọwọ́ wọn wá rí. Ìrìn wọn yí padà. Wọ́n ń jí ṣáájú gbogbo wa.

Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ọ̀dọ̀ ìyá wọn ni wọ́n sì ti jogún rẹ̀: aládìrẹ kì í nu ìlà rẹ̀ rẹ́. Ẹ̀kọ tó bá ti kan aṣọ ti kàn án. Ìyá wọn ní, "Ọjọ́ tí ìlà bá wọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ tí o ò mọ ìgbà tó wọ́, fọ ìyẹ́ rẹ, kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọwọ́ ti sọ fún ọ pé ó rẹ òun." Táìlì ṣeé nù o, kẹrosíìnì díẹ̀ lórí àkísà ti tó. Màmá mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ wọn ò nù ún rí.

Ọ̀sán Sátidé kan ni wọ́n parí táìlì kejìlá. Wọ́n gbé e sílẹ̀ kó gbẹ, wọ́n dìde láti lọ kírun Alásàrì.

"Má fọwọ́ kàn án o."

"Rárá, Màmá."

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ó sì yé mi. Ohùn tín-ín-rín yẹn ni mo fẹ́ kó ti ọwọ́ tèmi jáde lẹ́ẹ̀kan péré. Mo ki ìyẹ́ bọ ọ̀dà, mo gbé e lé ìrù alángbá tí wọ́n yà sára táìlì náà. Ìyẹ́ yọ̀. Ìlà wọ́ gba àárín ewé pákí kọjá, bí ipa ekòló lórí ilẹ̀ tútù. Mo ti ń na ọwọ́ sí àkísà nígbà tí mo gbọ́ sálúbàtà wọn. Mo yáa fi ìyẹ́ sílẹ̀.

Wọ́n jókòó, wọ́n wò ó. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n tún gbé e jìnnà. Wọn ò bi mí bóyá mo fọwọ́ kàn án. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Ọmọ mi, ojú tìẹ ṣì dára. Ṣé ìlà yìí wọ́?"

"Ó wọ́, Màmá."

"Ìgbà wo ló wọ́? Ìwọ ṣáà lo jókòó tì mí."

"Ìgbà tí ẹ fẹ́ parí ni. Ọwọ́ yín gbọ̀n díẹ̀."

Kí ẹnikẹ́ni tó ń ka èyí má ṣì í mú: ọwọ́ wọn kò gbọ̀n.

Màmá na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo àlejò. Lẹ́yìn náà wọ́n fi kẹrosíìnì fọ ìyẹ́ náà, wọ́n nù ún gbẹ, wọ́n wé e sínú bébà.

Nígbà tí bàbá mi dé, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ n fi àkísà nù ún. Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ògiri tìẹ ṣeé wó kó o tún un mọ. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀."

Ìyàwó yàrá kejì ní, "Ìrù alángbá gidi náà ń wọ́ kẹ̀, Màmá!" Àǹtí nọ́ọ̀sì ní òun ò tilẹ̀ rí ìlà tó wọ́. Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n kó mọ́kànlá fún un. Táìlì funfun lásán ni bíríkìlà Àǹtí náà fi dí àyè ìkejìlá lára ògiri kíṣìnnì rẹ̀. Tí wọ́n bá rán mi níṣẹ́ síbẹ̀, mi kì í gbójú sókè.

Màmá lo ọdún mẹ́rin sí i láyé, wọn ò sì tún mú ìyẹ́ mọ́. Wọ́n ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fúnra wọn. Wọ́n ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, ọwọ́ wọn sì yá ju tèmi lọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo ọwọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń bó ẹ̀gúsí, mo gbìyànjú. "Màmá, nípa táìlì yẹn..."

Wọ́n fọwọ́ kàn mí lórí. "Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Gbogbo wọn ló ń tàn mí. Ìwọ nìkan lo sọ òótọ́ fún mi."

Mo bó ẹ̀gúsí tó kù tán, mo sì jẹ́ kí wọ́n gbà mí gbọ́ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi kú.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe tíṣà ní Múṣín àti Yábàá. Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, ẹnì kan dìde, ó ní òun ò tíì rí ẹni tó ń sọ òótọ́ bíi tèmi. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi ń wolẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé mo ti gba irú ìyìn yẹn rí, lọ́wọ́ ẹni tí mo fi irọ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun kan ni mo rí fi ìtìjú yẹn ṣe. Tí ọmọ bá fi omijé wá bá mi pé òun lòun ba nǹkan ẹlòmíràn jẹ́, mi ò nà án rí. Mo máa ń sọ fún un pé ó tètè dé: ẹni tó ni nǹkan náà ṣì wà láàyè, ó lè gbọ́, ó sì lè padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.