Wọ́n ní kí àwọn ọmọ tí kò mọ̀wéé kà dúró sílé

Èmi Rukayatu, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, ni mo fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ yìí, ní orúkọ òbí mọ́kànlá tí ọmọ wọn wà ní kíláàsì kẹrin nílé ìwé wa ní àdúgbò Dichemso. Ìjọba ń sanwó olùkọ́ ibẹ̀, àwùjọ Mùsùlùmí wa ń darí rẹ̀.

Alábẹ̀wò ìjọba wá lónìí. Láti àná ni wọ́n ti sọ fún Mariamu, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, àti gbogbo ọmọ tí kò mọ̀wéé kà, pé kí wọ́n má wá.

Mo fà á lọ́wọ́, a jọ lọ.

Ọ̀gá ilé ìwé dá wa dúró lẹ́nu géètì. "Ruka, mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ ọ́, mú un padà sílé. Ó máa bà wá lórúkọ jẹ́."

"Alhaji, ẹ̀yin lẹ ti ń kọ́ ọ láti ọdún mẹ́rin."

Bí alábẹ̀wò ṣe jáde, mo ṣàlàyé fún un.

"Sista, gbogbo ọmọ tí mo bá ní kíláàsì ló kàwé fún mi. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ.

Mariamu wò mí: "Àǹtí, ṣé mo lè wọlé báyìí?"

A ń béèrè pé kí alábẹ̀wò padà wá láìsọ tẹ́lẹ̀, kó fi rẹ́jísítà pe ọmọ kọ̀ọ̀kan kàwé, kí wọ́n sì yan olùkọ́ tí yóò máa kọ́ àwọn tó kù sẹ́yìn. Títí ọjọ́ Jímọ̀ la fún ilé ìwé àti alábẹ̀wò láti fèsì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwa àtàwọn ọmọ náà ń bọ̀ ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́.

Ta ni wọ́n tún ti ní kí ọmọ rẹ̀ dúró sílé rí? Ẹ kọ ọ́ síbí.