Ìbò Tó Gba Àga Lọ́wọ́ Àlàájì

Mo rántí òórùn àgbò sísun tó gba gbogbo àdúgbò Karantina ní Jeddah kan lọ́jọ́ tí Àlàájì, alága ẹgbẹ́ àwa Yorùbá Jeddah, ń yọ̀ pé òun wọlé ìbò. Láwọn ọdún 1990 ni. Mo ń kọ́ òfin Ìsìláàmù ní Mẹ́kà, mo sì kórìíra ọkùnrin náà dénú eegun. Lọ́jọ́ tí àwọn jawazat tó ń yẹ ìwé ìgbélùú wò mú ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n bi Àlàájì bóyá ó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi tó máa ń jẹun nílé rẹ̀! Ó wò ó lójú, ó ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n rí." Wọ́n dá ẹ̀gbọ́n mi padà sí Nàìjíríà láìmú ẹrù kankan; aṣọ ọrùn rẹ̀ àti sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló bá a délé.

Àlàájì fúnra rẹ̀ ló gbé ètò ìbò tuntun wá, torí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ti sú àwọn èèyàn. Ó ní ká ṣe é bíi ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin: ká yan aṣojú mẹ́sàn-án, ẹni tí márùn-ún nínú wọn bá tì lẹ́yìn ni yóò di alága, alága náà ni yóò sì pín ipò tó kù. Ó rí mẹ́rin. Àwọn télọ̀ àdúgbò Al-Ammariyah rí mẹ́ta. Àwọn obìnrin yan Àlàájà olóúnjẹ, tí Àlàájì ti lé jáde nípàdé rí. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Mẹ́kà tó wà nínú ẹgbẹ́ náà yan èmi. Bí Àlàájì ṣe rí i pé tòun ló pọ̀ jù, ó pa àgbò. Wọ́n ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Mo jẹ nínú ẹran náà, ó dùn. Lọ́jọ́ kejì, olórí àwọn télọ̀ àti Àlàájà wá bá mi nílé ní Az-Zahir, Mẹ́kà. A fẹnu kò pé télọ̀ ni yóò ṣe alága, kí Àlàájà ṣe igbákejì. Èmi ò bèèrè ipò kankan.

"Ọmọ mi," ni Àlàájà wí, "mo ti ń retí ọjọ́ yìí."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ lọ́jọ́ tí àwa aṣojú fẹ́ dìbò yan alága, Àlàájì gbọ́ fìnrín, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ọmọ mi, igbákejì ni màá fi ẹ́ ṣe. Àbí o ò mọ̀ mí mọ́ ni?"

Mo tẹríba fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ẹ má bínú, Àlàájì. Mi ò mọ̀ yín rí."

Ojú rẹ̀ ṣú. A dìbò, a fi márùn-ún gba àga lọ́wọ́ mẹ́rin.

Mo ti hewú báyìí. Àwọn àgbà ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kì í rẹ́ni bá ṣeré. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kú láì tún fojú kan Kaaba, òun sì lẹni tí mo máa ń bá ṣeré.