Ẹni Tí Ìyá Mi Kí Káàbọ̀ Nínú Fíìmù

Irọ́ pípa ń gba agbára, èmi kò sì ní agbára kankan mọ́. Nítorí náà ẹ gbà mí gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi, ó ṣojú àbúrò mi, ó ṣojú ìyá mi kí ó tó kú. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó wá sí Ẹ̀jìgbò, kó wá wo ife omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá bàbá mi.

Bàbá mi lọ sí Abíján nígbà tí mo ṣì kéré, tí ìyá wa ṣì ń pọn Ráṣídì àbúrò mi. Ilé wo ni irú rẹ̀ kò sí ní Ẹ̀jìgbò? Níbẹ̀rẹ̀, ó máa ń fi aṣọ àti ọṣẹ rán àwọn tó ń bọ̀ wálé. Nígbà tó yá, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ẹnì kan á dé, á ní òun rí i ní ìlú Buaké lọ́hùn-ún. Ẹlòmíràn á ní ojú ọ̀nà ló ti sọnù. A kò rí i láàyè, a kò sì rí òkú rẹ̀.

Ìyá mi kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Ojoojúmọ́ ló ń gbá yàrá bàbá wa. Bí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wa, bá ní, "Ìyá Ráṣídì, ẹ jẹ́ ká ṣe fídáù fún ẹ̀gbọ́n mi, kí wọ́n sinmi, kí ẹ̀yin náà sinmi," ìyá mi á ní, "Ṣé ẹ rí òkú wọn ni?" Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún tí kò lè dá rìn mọ́, èmi ni mo wá tọ́jú rẹ̀. Mo fi ọkọ mi àti àwọn ọmọ sílẹ̀ ní Masífá. Mo ní n kò ní í pẹ́. Ọdún ń gorí ọdún. Mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ń fọṣọ rẹ̀, mo ń fi òróró ra orúnkún rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ ká jọ lọ sí Masífá, kí n lè máa tọ́jú gbogbo wọn lójú kan. Èsì rẹ̀ kò yí padà: "Bí bàbá rẹ bá dé, tí wọ́n bá ilé ní títì ńkọ́?"

Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú arúgbó rí, ẹ mọ irú àárẹ̀ tí mò ń wí. Kì í ṣe èyí tí oorun ń lé lọ.

Lọ́dún kan, nígbà ọyẹ́, Ọlọ́run bá wa ṣe é, ìyá mi gbà. Ó ní kí wọ́n ṣe fídáù náà lọ́jọ́ Jímọ̀, pé bí wọ́n bá ti ṣe é tán, òun á tẹ̀lé mi lọ sí Masífá. Wọ̀láhì, mo sunkún lẹ́yìn ààrò. Mo ti ń di ẹrù wa díẹ̀díẹ̀.

Ráṣídì, tí òun náà ti lọ ń ṣiṣẹ́ ní Abíján, dé nítorí fídáù náà. Ó gbé tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ fídíò wá fún ìyá wa, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Ó ní òyìnbó Faransé tí òun ń bá ṣiṣẹ́ ló fún òun. Iṣẹ́ òyìnbó náà ni kó máa tún fíìmù àtijọ́ ṣe: á fọ ìdọ̀tí rẹ̀, á lẹ ibi tó ti já, á dá àwọ̀ rẹ̀ padà, á wá gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì. Èyí jẹ́ fíìmù ìrìn àjò. Àwọn òyìnbó kan ló fi mọ́tò rìn gba etí òkun lọ sí Abíján nígbà àtijọ́, tí wọ́n ń ya gbogbo ohun tí wọ́n rí.

Ọ̀sán ni a wò ó, kì í ṣe òru. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn. Oòrùn wà níta, àwọn ewúrẹ́ ń ké. Ìyá mi jókòó sórí ẹní, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ráṣídì wà nídìí ẹ̀rọ. Èmi fara ti ògiri, oorun ń kùn mí.

Àwòrán náà kò kún ojú tẹlifíṣọ̀n. Ibì kan ṣókùnkùn biribiri lókè, ibì kan ṣókùnkùn nísàlẹ̀, àwòrán wá gùn gbọọrọ láàárín.

"Ráṣídì, ṣé ó ti bàjẹ́ lọ́nà ni?" ìyá mi bi í.

"Rárá o, Maman. Bí wọ́n ṣe yà á fẹ̀ tó nìyẹn. Bí a bá ní kó kún ojú gíláàsì, á gé àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dànù. Ọ̀gá mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọnù níbẹ̀."

Mo máa ń rántí ọ̀rọ̀ yẹn lójoojúmọ́.

Ó dára láti wò, n kò ní í purọ́. Àwọ̀ rẹ̀ mọ́ rekete. Igi àgbọn, àwọn apẹja, ọmọdé tó ń juwọ́. Òyìnbó kan ń fi Faransé sọ̀rọ̀, Ráṣídì ń túmọ̀. Wọ́n dé etí odò ńlá kan tí kò ní afárá. Àwọn lọ́rì tò síbẹ̀, wọ́n ń retí ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé wọn sọdá. Àwọn èrò ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dúró káàkiri.

Ìyá mi dá ọwọ́ dúró lórí ẹ̀gúsí.

"Dá a padà," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ráṣídì dá a padà. Ní ìkángun àwòrán lápá òsì, níbi tí wọn ìbá ti gé dànù bí àwòrán bá kún ojú gíláàsì, ọkùnrin kan dúró tó kẹ́yìn sí wa. Èjìká òsì rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Ó gbé kẹ́tù àlùwàlá lọ́wọ́. Bàbá mi nìkan ni mo mọ̀ tí èjìká rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Oorun dá lójú mi.

"Tún dá a padà," ìyá mi wí.

Ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibí yìí. Fíìmù kan náà ni. Ohun tó bá wà nínú fíìmù kì í yí padà, àbí? Nígbà tí ó tún dé ibẹ̀, ọkùnrin náà kò kẹ́yìn sí wa mọ́. Ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí wa, ó fi ọwọ́ kan ṣíji bo ojú bí ẹni tó ń wá ilé tó ti mọ̀ rí. Àwọn lọ́rì kò yí padà. Odò kò yí padà.

Ráṣídì fi Faransé sọ nǹkan kan lábẹ́lẹ̀. Ó na ọwọ́ láti pa ẹ̀rọ náà.

"Má fọwọ́ kàn án," ìyá mi wí. "Dá a padà."

Nígbà yìí, ọkùnrin náà kọjú sí wa. Bàbá mi ni. Ó rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó kúrò nílé gan-an, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó rẹ̀ ẹ́, ó hàn lójú rẹ̀. Eruku bò ó látòkè délẹ̀.

Ìyá mi, tí kì í lè dìde láìjẹ́ pé mo gbé e, kúnlẹ̀ lórí ẹní. Ó kúnlẹ̀ bí ìyàwó tuntun.

"Bàbá Ráṣídì," ó wí, "ẹ káàbọ̀."

Ọkùnrin náà gbé kẹ́tù sílẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró nínú àwòrán, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú òkùnkùn ìsàlẹ̀ yẹn, níbi tí kò yẹ kí nǹkan kan wà. Mo rí bàtà rẹ̀ níbẹ̀.

Iná bá lọ.

Lẹ́yìn náà ìyá mi yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Gbé omi wá fún bàbá rẹ. Ọ̀nà wọn jìn."

Kí ni kí n ṣe? Bí àlejò bá dé, omi là ń kọ́kọ́ bù fún un. Mo bu omi, mo gbé e síwájú tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí iná fi máa dé nírọ̀lẹ́, omi ti tán nínú ife. Ráṣídì dá fíìmù náà padà. Lọ́rì wà níbẹ̀, odò wà níbẹ̀, kẹ́tù wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ létí àwòrán. Ẹni tó ni ín kò sí níbẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn àlùfáà dé. Ìyá mi kí wọn dáadáa, ó ní kí wọ́n má bínú. "A kì í ṣe fídáù fún ẹni tó wà nílé." Bàbá Kékeré wò mí, ó rò pé orí ìyá mi ti dàrú. Mo wo ilẹ̀. Mo ti gbọ́ ìró omi àlùwàlá lẹ́yìnkùlé láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì ti rí ibi tí ilẹ̀ tutù.

Ráṣídì padà sí Abíján láìpẹ́. Kò tíì wálé láti ìgbà náà.

Inú ìyá mi dùn títí ó fi kú. Ohun tó tún dá kún àárẹ̀ mi nìyẹn, nítorí ta ni yóò bínú sí ayọ̀ ìyá rẹ̀? Ojú oorun ló kú sí. A sin ín, a ṣàdúà, gbogbo ènìyàn lọ. Mo di ẹrù mi.

Ọkọ mi wá mú mi láti Masífá. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ẹ rántí pé kò mọ bàbá mi rí. Ó jókòó, ó bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ta ni ọkùnrin tó ń ṣe àlùwàlá lẹ́yìnkùlé yẹn? Mo kí i, kò dá mi lóhùn. Ó kàn ń wo ojú ọ̀nà."

Mo tú ẹrù mi.

Ẹni tó bá gba àlejò ló ń sìn ín sọ́nà. Ẹni tó kí bàbá mi káàbọ̀ ti lọ, kò sìn ín. Èmi ti gbìyànjú. Mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn, mo ti ní, "Bàbá mi, ẹ máa lọ, ìyá wa ti ṣáájú yín." Ilẹ̀ mọ́, ife omi tí mo bù fún un lálẹ́ ti gbẹ. Ta ni kí n wá fi í sílẹ̀ fún? Ṣé kí ó wá bá ilé ní títì ni?

Nítorí náà, bí ẹ bá jókòó sílé tí ẹ ń wo irú fíìmù àtijọ́ bẹ́ẹ̀, tí ẹ rí ẹni yín létí àwòrán, ẹ wò ó dáadáa. Bí ẹkún bá ń gbọ̀n yín, ẹ sun ún. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má kí i káàbọ̀. Ẹ sọ fún un pé ó dìgbéré, ó dàrìnnàkò, kí ẹ sì pa ẹ̀rọ náà.

Ẹ jẹ́ kí n dìde. Ilẹ̀ ti ń ṣú, n kò tíì bu omi.