Ewé Gbòdògì Lẹ́nu Ọ̀nà Òkè

"Má fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni Màmá wí láti ẹ̀yìn mi. "Ilẹ̀ kò ṣẹ̀ ọ́."

Ìrì ṣì wà lórí koríko, ọ̀nà náà sì tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. A ń sáré sọ̀kalẹ̀ lọ sí odò, apẹ̀rẹ̀ òfìfo lórí mi, apẹ̀rẹ̀ òfìfo lórí tirẹ̀ náà. Bàtà táyà rẹ̀ ń dún pẹ́pẹ́pẹ́ lórí ilẹ̀ pupa, kò yára jù, kò sì falẹ̀. Tèmi ń dún gbì, gbì.

"Ẹsẹ̀ rẹ ń pariwo bí ìlẹ̀kùn páànù nínú ìjì. Bí ẹran kan bá wà nínú igbó yìí láàárọ̀, ó ti dé Ìlárá báyìí."

Mo gbìyànjú láti fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọ́kọ́ kan ilẹ̀, mo sì tẹ orúnkún mi díẹ̀ bó ṣe kọ́ mi. Ariwo náà dínkù. Kò yìn mí. Ó kàn kọjá lára mi, ó sì ń sáré níwájú.

Màmá kì í ṣe ìyá mi, kì í sì í ṣe ìyá ìyá mi. Ẹ̀yìn ilé wa ní Ìkẹ́nnẹ́ ni ilé rẹ̀ wà, ògiri kúkúrú kan ló pààlà láàárín àgbàlá wa méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ti kú kí n tó gbọ́njú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà ní Èkó. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin máa ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọkọ̀ funfun kan, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì máa ń bá a wá: kí ó kó ẹrù rẹ̀, kí ó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Mo máa ń gbọ́ wọn láti ìhà tiwa.

"Kí ni mo fẹ́ wá ṣe ní ulé rẹ? Kí n jókòó, kí n máa wo fèrèsé?" Ulé ló ń pe ilé, bí àwọn àgbà Rẹ́mọ ṣe ń pè é, àwa ọmọ ilé ìwé kì í sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Ẹ ti dàgbà, Màmá."

"Mo ti dàgbà kí o tó mọ̀. Lọ́jọ́ tí mi ò bá lè gun òkè oko mi mọ́, kí o wá gbé mi."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà máa ń parí sí. Ọkùnrin náà á jẹun, á gba obì tí ìyá rẹ̀ dì fún un, á sì wakọ̀ padà.

Òkè ilẹ̀ wa kì í ṣe òkè àpáta bíi ti Abẹ́òkúta. Ilẹ̀ kàn ń ga, ó sì ń rẹlẹ̀, odò ń ṣàn nísàlẹ̀, oko obì àti kòkó sì wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Apá ọ̀nà Ìrolú ni oko Màmá wà, lórí òkè tó wà ní òdì kejì odò. Bí a bá ti ré afárá igi kọjá, ọ̀nà pín sí méjì. Ọ̀kan gun òkè tààrà. Ó le, gbòǹgbò igi sì yọ síta nínú rẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Èkejì tẹ̀ lé etí odò, ó yí òkè náà ká. Ó tẹ́jú, ṣùgbọ́n ó jìn gan-an. Lẹ́nu oko Màmá ni méjèèjì ti tún pàdé.

Lọ́jọ́ Sátidé àti nígbà ọlidé, ìyá mi á ní kí n tẹ̀ lé e lọ. A ó ṣa èso obì tí wọ́n já sílẹ̀, a ó là wọ́n lábẹ́ igi, a ó sì ru obì náà wálé. Lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ni a ti ń rẹ ẹ́ sínú omi títí èèpo funfun rẹ̀ á fi rà, tí a ó fi bó o. Òórùn omi obì yẹn kan díẹ̀, ó sì máa ń wà lọ́wọ́ mi títí di ilé ìwé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ewé gbòdògì ni a fi ń tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ kí obì má baà gbẹ. Etí odò ni a ti ń já a, ewé fífẹ̀ tí ó máa ń tutù lọ́wọ́.

Màmá kì í rìn lọ sí oko, sísáré ló máa ń sáré. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó ní àwọn máa ń ru obì láti oko dé ọjà Ṣàgámù kí oòrùn tó mú, ẹni tó bá sì ń rìn á bá ọjà tó ti tú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbàgbé. Bí a bá dé ìdí òkè, á tẹ ara síwájú, á sì máa gbé ẹsẹ̀ kéékèèké láti orí gbòǹgbò kan sí èkejì. "Má wo òkè," á wí. "Wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ ń lọ. Òkè kò ní kúrò níbẹ̀."

Òun náà ló kọ́ mi ní ti ewé. Bí ẹni tó ṣáájú bá dé ibi tí ọ̀nà ti pín, tí ó sì mọ̀ pé ọ̀kan kò dára, á já ewé tútù, á fi dí ẹnu ọ̀nà náà kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà gbà á. Ewé kì í ṣe màrìwò, kò sí ohun ìbẹ̀rù nínú rẹ̀. Igi lè wó, oyin lè ya bo ọ̀nà, ọdẹ lè dẹ pàkúté. Ti Màmá yàtọ̀ sí ti gbogbo èèyàn: ewé gbòdògì kan ṣoṣo, ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, òkúta lórí igi ewé náà. "Bí o bá rí i," ó wí, "má ré e kọjá. Ẹni tó fi í síbẹ̀ ti rí ohun tí o kò tíì rí."

Nígbà tí mo wà ní fọ́ọ̀mù tú, ilé ìwé wa fẹ́ yan àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tí yóò lọ sá eré ọ̀nà jíjìn ní Abẹ́òkúta. Tíṣà tó ń darí eré ìdárayá sọ pé ọ̀nà oko ni a ó ti díje, nítorí a kò ní sá eré ti Abẹ́òkúta lórí pápá tó tẹ́jú. Mo fẹ́ lọ ju ohunkóhun lọ ní ọdún yẹn. Bàbá mi, tíṣà ní ilé ìwé Mẹ́tọ́díìsì, kò sọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ti ra bàtà kánfáàsì funfun fún mi. Láti ìgbà tí táàmù ti wọlé ni mo ti ń fi ojoojúmọ́ sáré lórí pápá, Sátidé pàápàá, mi ò sì bá Màmá lọ sí oko mọ́.

Àárọ̀ Sátidé ni a díje. Tíṣà ti so àkísà pupa mọ́ igi lójú ọ̀nà láti ọjọ́ tó ṣáájú. Èmi ni mo wà níwájú nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ sí odò. Ẹsẹ̀ mi kò pariwo. Mo ré afárá kọjá. Àkísà pupa wà lára igi ní ọ̀nà òkè. Lábẹ́ rẹ̀ gan-an, ewé gbòdògì wà nílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, òkúta lórí igi rẹ̀. Ó ṣì tutù.

Mo dúró. Mo wo òkè, mi ò rí nǹkan kan. Mo yà sí ọ̀nà etí odò.

"Níbo lo ń lọ?" ni ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn mi kígbe. "Òkè ni wọ́n ní ká gbà."

"Wọ́n ti dí i," mo dá a lóhùn, mo ṣì ń sáré.

"Ta ló dí i? Ewé?" Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, mo sì gbọ́ ẹsẹ̀ gbogbo wọn lórí gbòǹgbò. Nígbà tí mo fi dé orí òkè, mo ń wo ẹ̀yìn wọn. Mo lé àwọn kan bá, ipò karùn-ún ni mo sì wà nígbà tí fèrè òpin eré dún.

Mi ò dúró nílé rárá. Mo fo ògiri sí ọ̀dọ̀ Màmá. Ó jókòó lórí àpótí, ó ń bó obì.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Kí ló wà lójú ọ̀nà òkè?"

"Òkè."

"Mo rí ewé yín níbẹ̀. Mo gba etí odò. Wọ́n fi mí sílẹ̀."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo bàtà mi tí ẹrẹ̀ odò ti yí.

"Ìwọ kọ́ ni mo dí i fún," ó wí. "Èmi ni mo dí i fún. Bí mo bá ń bọ̀ láti oko nírọ̀lẹ́, màá fi sílẹ̀ de àárọ̀. Ẹsẹ̀ mi ti mọ òkè yẹn jù. Bí mi ò bá dí i mọ́ ọn, ó ń gùn ún, orúnkún á sì já mi jù sílẹ̀ ní àárín ọ̀nà." Ó tún mú obì mìíràn. "Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣe bẹ́ẹ̀."

Kò bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn sún àpótí kejì sí mi, mo jókòó, a sì bó obì títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tíṣà pè mí. Kò bínú. "Ìwọ lo mọ ọ̀nà yẹn ju gbogbo wọn lọ," ó wí. "Wọ́n ní o sọ pé wọ́n ti dí ọ̀nà. Bí ẹnì kan bá dí i, sọ ẹni náà fún mi. Màá ní kí ìwọ àti ẹni tó gba ipò kẹta tún eré náà sá."

Mo ronú nípa ọkọ̀ funfun tó máa ń wá láti Èkó.

"Kò sẹ́ni tó dí i, sà. Ọ̀nà ló rú mi lójú."

Ó wò mí díẹ̀, ó ní kí n padà sí kíláàsì. Àwọn mẹ́ta náà lọ sí Abẹ́òkúta. Bàbá mi kò gba bàtà náà padà.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ti ń sáré lọ sí odò nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn ilé ìwé, láti fi ewé náà lélẹ̀, kí Màmá má baà máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn sókè, òkúta lórí igi. Kò dúpẹ́, kò sì bi mí ní nǹkan kan. Ọmọ rẹ̀ wá nígbà Kérésì, ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo wà ní ìhà tiwa, mò ń sá aṣọ.

"Lọ́jọ́ tí mi ò bá lè gun òkè oko mi mọ́," Màmá dá a lóhùn, "kí o wá gbé mi." Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Oko náà ló ń lọ títí di ọdún tí ó kú, nípa ọ̀nà etí odò.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, mo sì ṣì ń sáré láàárọ̀ lórí ọ̀nà tó kù nínú ọ̀nà wọ̀nyẹn, kì í ṣe kíákíá. Àwọn tó ń kọjá lọ sí oko máa ń sọ pé àwọn kì í gbọ́ ẹsẹ̀ mi títí n ó fi dé ẹ̀yìn wọn. Orúnkún òsì mi ti ń sọ̀rọ̀. Bí mo bá ré odò kọjá, mo máa ń wo ilẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà òkè kí n tó gbé ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹlòmíràn mọ́ tó lè fi ewé síbẹ̀ àfi èmi. Mi ò tíì fi í síbẹ̀.