Omi Ìyàwó Kòmáńdà

Rédíò ní ìyàwó Ààrẹ ń bọ̀ ní Bassila, ni òórùn omi ìkòkò amọ̀ bá gba imú mi. Ọmọ mi, kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọmọdé ni mí nígbà tí ìyàwó kòmáńdà, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè wa, wá kí wa ní Manigri. Ìyá mi bu omi fún un, ó kọ́kọ́ mu díẹ̀ kí àlejò lè mọ̀ pé kò sí májèlé níbẹ̀. Pàá! Ọlọ́pàá tó tẹ̀ lé àlejò wá gbá ìyá mi létí.

"Obìnrin yìí, o fẹnu kan omi Màdáàmù!"

Omi dànù. Mo rò pé òyìnbó náà yóò gbèjà ìyá mi. Ẹ̀rín ló ń rín sí wa. Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rín yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ bu òmíràn wá," ni ìyá mi wí. "Àlejò ò tíì mumi."

Wọ́n bù ú wá. Ìyá mi wo ojú ọlọ́pàá, ó sì tún kọ́kọ́ mu.